Ṣé fééké ni wáìnì mi, àbí ooru ló sè é?

Ìbéèrè kan rèé látọ̀dọ̀ àbúrò wa kan tó ń gbé ní Arówómọlẹ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra red wine ìgò méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákié torí àlejò ọjọ́ ìdána àbúrò mi obìnrin. Wáìnì South Africa ni, mo ti mu irú ẹ̀ gan-an rí n'Íbàdàn, ó sì dùn. Ìgbà tá a ṣí ọ̀kan níwájú àwọn àna, ó kan gógó, ó ń rùn bíi fínígà, ojú gbà mí tì. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé wáìnì bó bá ṣe ń pẹ́ ló ṣe ń dáa sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní fééké ni, pé kò sí orijíná l'Ógbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn ni kí n ti máa lọ rà á. Ta ni kí n gbà gbọ́? Kí ni kí n ṣe sí ìgò kejì, kí ni kí n sì máa rà tí n ò fi ní tẹ́ mọ́?"

Àbúrò mi, kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tuntun náà tù wọ́n lára, àwọn àna á sì gbàgbé ọ̀rọ̀ wáìnì. Mi ò tọ́ ọ wò, mi ò sì rí ìgò ẹ̀, torí náà ohun tó o kọ ni mo fi ń dáhùn, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n búra, màá búra pé kì í ṣe fééké. Orijíná ni, ooru ló bà á jẹ́. Ó ti bàjẹ́ sórí ṣẹ́ẹ̀fù kí ìwọ tó dé ibẹ̀ rárá, ẹni tó tà á fún ẹ ò sì lè mọ̀, torí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta wáìnì nílùú wa kì í fẹnu kàn án, bíà ni wọ́n ń mu, tàbí kí wọ́n má mu ọtí rárá. Kò fẹ́ yàn ẹ́ jẹ, ọ̀rọ̀ tóun náà gbọ́ ló sọ fún ẹ.

Ìdí tí mo fi sọ pé kì í ṣe fééké rèé. Ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú, owó ló ń wá, kò fẹ́ kí ẹni tó mu ún pọ̀ ọ́ dà nù lójú ẹsẹ̀, torí náà ṣúgà ló máa rọ́ sí i, á fi aró sí i, á wá fi ọtí líle díẹ̀ sí i tó máa ta èèyàn lọ́fun. Ayédèrú sáábà máa ń dùn ni. Á dùn ṣáá, kò ní ní òórùn èso kankan, tó o bá gbé e mì tán, ṣúgà nìkan ló máa kù lẹ́nu ẹ. Kíkan bíi fínígà yẹn ò sí nínú iṣẹ́ wọn. Ayédèrú wà o, mi ò ní kò sí. Àwọn tó ń ra ìgò òfìfo kiri lẹ́yìn ìnáwó, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ elépo àti alágbo, àwọn kan ń rọ nǹkan míì sínú ẹ̀, ìdí nìyẹn témi ò fi ń gbé ìgò tó wọ́n síta láì ya léébù ara ẹ̀ dànù. Àmọ́ ibi tí èrè bá wà ni wọ́n máa ń lọ jù: brandy, whisky, champagne. Tó o bá ń fura sí ìgò kan, wo ráńbà ọrùn ẹ̀ bóyá wọ́n tún un lẹ̀, wo léébù bóyá ó wọ́ tàbí wọ́n ṣi sípẹ́lì kọ, wá nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀, kó o sì wo nọ́ńbà kékeré tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára ìgò tàbí léébù láti ilé iṣẹ́. Ohun kan wà tí ahọ́n tèmi àti tìẹ ò lè mọ̀ o, ìyẹn methanol, irú ọtí olóró kan. Òun ló pa ọ̀pọ̀ èèyàn tó mu ògógóró ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní Rivers lọ́dún 2015, kò sì yí òórùn ọtí padà tí èèyàn fi máa fura. Inú ọtí líle ni ìyẹn ti ń bà mí lẹ́rù ju inú wáìnì lọ, torí náà ọtí líle tí mi ò bá mọ orísun ẹ̀, n kì í dá a láṣà.

Ká wá bọ́ sórí ooru, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wáìnì fẹ́ ibi tó tutù níwọ̀nba, bíi digrì 12 sí 15, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ tọ̀sántòru. Oṣù kejì sí oṣù kẹrin nílùú wa, ọ̀sán lè gbóná tó digrì 35, lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù tí ò ní síìlìn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kó tó débẹ̀ pàápàá, ó ti wà nínú kọ̀ǹténà lórí òkun láti Cape Town, ó ti dúró ní Àpápá, ó ti wọ lọ́ọ̀rì láti Èkó dé Ìbàdàn, ó wá tún gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí, tí tírélà lè dúró sójú kan nínú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò nìyí: tí ọ̀sán bá mú, wáìnì á fẹ̀, á máa ti kọ́ọ̀kì sókè, nígbà míì á jò díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀kì. Tílẹ̀ bá ṣú tí ilé tutù, á sún kì padà, á wá fa afẹ́fẹ́ síta wọlé. Lójoojúmọ́ báyẹn, fún oṣù mélòó kan, ìgò á máa mí sínú mí síta. Ooru fúnra ẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ kó máa dùn bí èso tí wọ́n sè jù, tí òórùn tútù ara ẹ̀ á lọ, ìyẹn ni mo ń pè ní wáìnì sísè. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò tíńtìntín kan tó nílò afẹ́fẹ́ á wá sọ ọtí inú ẹ̀ di kíkan, fínígà náà sì nìyẹn. Oòrùn tó ń ràn tààrà sí ìgò tí wọ́n tò síwájú wíńdò torí káwọn oníbàárà lè rí i tún burú sí i, pàápàá tí ìgò ọ̀hún bá mọ́ gaara.

Ìgò kejì tó wà nílẹ̀, má dà á nù kó o tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ráńbà ọrùn ẹ̀ kúrò, wo kọ́ọ̀kì. Tó bá yọ sókè ju ẹnu ìgò lọ, tàbí tí nǹkan kan ti jò tó gbẹ sára ọrùn ìgò tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ó ti lọ nìyẹn. Gbé e sójú iná, wo ibi tí wáìnì dé lọ́rùn ìgò. Tó bá ti fà wálẹ̀ gan-an, ó ti jò. Dà díẹ̀ sínú gíláàsì tó mọ́, tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti ń ṣe bíi tíì tó ti sùn mọ́jú dípò pupa, o ò nílò kó o tún máa tọ́ ọ wò. Àmọ́ nígbà míì, nínú kátọ̀n kan náà, ọ̀kan á kan, èkejì á dáa, torí kọ́ọ̀kì wọn lè má rí bákan náà. Tó bá ti kan, kò ní pa ẹnikẹ́ni, ìyá ẹ lè fi rẹ ẹran òbúkọ kó tó sè é, ó máa ń mú òórùn kúrò.

Ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn sọ pé bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń dáa yìí, òun ló ń ba ọjà jẹ́ jù nílùú wa, torí pé ó ń jẹ́ káwọn ọlọ́jà rò pé wáìnì ò lè bàjẹ́, kí wọ́n máa gbé ìgò ọdún kan sórí ṣẹ́ẹ̀fù títí eruku á fi bò ó, kí wọ́n sì tún fowó lé e. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀ o. Àwọn wáìnì kan wà, bíi èyí tó dáa nínú ti Bordeaux ní Faransé, tí wọ́n ṣe pé kó pẹ́, tó lè lo ogún ọdún kó tó dùn débi tó yẹ, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ tó tutù tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kátọ̀n indomie. Wáìnì tí apá tèmi àti tìẹ ká, ọdún kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ká èso àjàrà ẹ̀ ni wọ́n ní kéèyàn mu ún, kò sí nǹkan tó fẹ́ dà lẹ́yìn ìyẹn ju kó máa rọ lọ. Ọdún tó wà lára léébù, ọdún ìkórè ni, tó o bá rí èyí tó ti pé ọdún márùn-ún lórí ṣẹ́ẹ̀fù páànù, ẹ sá fún un, kódà kí wọ́n dín owó ẹ̀ kù. Irú kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ooru ò fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe ni Madeira, láti erékùṣù kan tó jẹ́ ti àwọn Potogí. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń gbé àgbá ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi gba ilẹ̀ olóoru kọjá, wọ́n wá rí i pé ooru yẹn ló mú un dùn, látìgbà náà wọ́n ń fi ooru sè é ní mọ̀ọ́mọ̀, wọ́n sì ń fi ọtí líle kún un kó le. Mi ò tíì rí i tà l'Ógbómọ̀ṣọ́ o, tẹ́nikẹ́ni bá rí i kó pè mí.

Ṣé kó o máa wá lọ Ìbàdàn? Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù sàn lóòótọ́, ọjà wọn sì ń yára lọ, ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Àmọ́ mo ti rí àwọn tó ra wáìnì n'Íbàdàn, tí wọ́n jù ú sí búùtù, wọ́n yà jẹ àmàlà l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n yà kí ẹbí, mọ́tò dúró sínú oòrùn ọ̀sán. Inú mọ́tò tí wọ́n ti wíńdò ẹ̀ pa nínú oòrùn lè gbóná kọjá digrì 50. Ìrìn àjò ọjọ́ kan yẹn lè ba ohun tí ẹ̀rọ amúlétutù ti tọ́jú fún oṣù mẹ́fà jẹ́. Tó o bá máa rà á n'Íbàdàn, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kó o gbé e wá, fi aṣọ tó tutù wé e, gbé e sísàlẹ̀ ìjókòó níbi tí oòrùn ò dé. Tó bá jẹ́ ìgò méjì péré lo fẹ́, owó ọkọ̀ yẹn pọ̀ jù fún un jàre, nílé níbí náà o lè rí èyí tó dáa tó o bá mọ ibi tó o máa wò.

Ibi tó yẹ kó o wò ni ṣọ́ọ̀bù, má wo orúkọ wáìnì. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ nídìí ọtí ní hòtẹ́ẹ̀lì n'Ílọrin, wọ́n máa ń bi mí pé èwo ló dáa jù, ìdáhùn mi ni pé èyí tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ Under G níbi táwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ń gbé, wọn ò rí jọjú, àmọ́ ọjà wọn kì í pẹ́ nílẹ̀, torí àwọn ọmọ yẹn ò fi wáìnì sílẹ̀ kó gbó. Èmi á kúkú rà á níbẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù aláràbarà tó fi dígí ṣe gbogbo iwájú ẹ̀, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí ìgò ibẹ̀ sì ti wà lójú kan náà látọdún tó kọjá. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kátọ̀n, ní kí wọ́n ṣí kátọ̀n tuntun fún ẹ, má gba èyí tó wà lójú wíńdò, tíyá ọlọ́jà bá ní ṣebí ọ̀kan náà ni, fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́, "ẹ jọ̀ọ́ Mọ̀mí, ẹ bá mi mú ti inú yàrá." Ra ìgò tí wọ́n ń yí ìdérí ẹ̀ ṣí dípò oníkọ́ọ̀kì, afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ìyẹn, irọ́ sì ni pé àmì wáìnì pọ̀ọ́kú ni. Onípáálí bíi Don Simon tó ń ti Sípéènì wá náà kì í ṣe ìtìjú, oòrùn ò lè rí inú ẹ̀, ìṣòro ẹ̀ ni pé kò yẹ kéèyàn fi pamọ́ pẹ́. Àwọn olóyinmọmọ bíi Four Cousins tí wọ́n ń ṣe ní Robertson ní South Africa, tàbí Carlo Rossi ti California tó dùn, ṣúgà inú wọn máa ń bo ìpalára díẹ̀díẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń lọ bí omi, àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn lè má gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ wáìnì aládùn tó wà dáadáa sàn ju ti olówó gọbọi tó ti sè lọ. Tó bá sì jẹ́ àwọn àna tí kì í mu ọtí, tí wọ́n jẹ́ Baptist paraku bíi ti púpọ̀ ilé nílùú wa, tàbí Mùsùlùmí, ka léébù dáadáa, torí ìdajì nǹkan tí wọ́n ń pè ní wáìnì lórí tábìlì ìnáwó ò ní ọtí rárá, omi àjàrà tó ń hó ni, bíi Chamdor. Ìyẹn ò lè di fínígà nínú ìgò tí wọn ò tíì ṣí, torí kò sí ọtí nínú ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ilé oúnjẹ, torí ó ń dùn mí. Ibì kan wà lọ́nà Ìlọrin, àsun wọn ò láfiwé, mo béèrè red wine, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ gbé ìgò wá látorí fíríìjì. Orí ẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe inú ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ooru ẹ̀yìn fíríìjì ń rú gbà, mo fọwọ́ kan ìgò, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ. Mo ní kó fi sínú fíríìjì fún mi fún ìwọ̀n ìdajì wákàtí, ó wò mí bí ará oko, ó ní red wine kì í wọ fíríìjì. Ibi tí wọ́n ti gbé òfin yẹn wá ni ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí inú ilé àtijọ́ wọn ti tutù bíi digrì 16 sí 18, tí wọ́n bá ní kí red wine bá inú ilé mu, irú ilé yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn. Yàrá Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta kọ́. Ẹ fi sí fíríìjì ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ojú yín gbolẹ̀. Tí iná bá sì lọ, ìkòkò àmù ìyá àgbà tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ìgò sínú omi ẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ìkòkò máa ń tutù dáadáa. Ní ilé oúnjẹ náà, ẹ má ra gíláàsì kan látinú ìgò tẹ́ ò rí nígbà tí wọ́n ṣí i, ó lè ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú.

Kí lèèyàn á wá fi jẹun? Ìlú tí wọ́n ti ń jẹ òkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ la wà, torí náà àmàlà ni ìbéèrè gidi, gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa wáìnì ò sì ran àmàlà lọ́wọ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ dáadáa. Red wine tó gbẹ tó le ò bá gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata mu. Ṣé o mọ bí ẹnu ṣe máa ń rí tó o bá jẹ kajú tí ò pọ́n tó, tí ahọ́n á gbẹ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sún kì? Tánìnì ló ń ṣe ìyẹn, òun kan náà ló wà nínú red wine, tó bá pàdé ata rodo, àwọn méjèèjì á para pọ̀ bá ẹnu jà. Ọtí tó pọ̀ nínú ẹ̀ náà máa ń koná mọ́ ata, 14% yẹn á jẹ́ kó o máa wá omi. Èyí tó bá ata mu ni white wine tàbí rosé (wáìnì tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́) tó tutù, tó dùn díẹ̀, tí ọtí ẹ̀ ò ju 11 tàbí 12% lọ. Àsun àti súyà Sábó nìkan ni mo máa ń gbé red wine fún, torí ọ̀rá ẹran máa ń rọ tánìnì lójú, kódà níbẹ̀ ẹ ní kí wọ́n dín ata kù. Ẹja tútù tí wọ́n sun, white ni. Ìgbín? Bíà, ká má tan ara wa.

Ẹmu wá ńkọ́? Àwọn àgbà tó ń sọ pé ẹmu sàn ju wáìnì lọ nílùú wa ò jẹ̀bi, torí ẹmu ò rin ìrìn àjò kankan. Ìwúkàrà tó ń sọ omi àjàrà di wáìnì náà ló ń sọ omi ọ̀pẹ di ẹmu, kìkì pé ti ẹmu yára ju ti wáìnì lọ fíìfíì. Látìgbà tó bá ti ń kán sínú akèrègbè ló ti ń hó, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọtí inú ẹ̀ ti ń tó ti bíà, ìgbà tó bá di ọjọ́ kejì, kòkòrò fínígà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti dé, ó ti ń kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹmu àárọ̀ lọ́dọ̀ adẹ́mu tó o mọ̀ lójú ló yẹ kó o rà, ògùrọ̀ tó bá wà náà dáa, ó máa ń dùn díẹ̀ sí i. Èyí tí wọ́n gbé wá lọ́sàn-án nínú kẹ́gì tó sì ń dùn ṣáá, omi àti ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ẹmu inú ìgò wà tí wọ́n ti fi iná yá láti pa ìwúkàrà inú ẹ̀, àwọn NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀pẹ ní Benin, ń ṣe irú ẹ̀, ó ń pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ kì í hó bíi ti tútù yẹn mọ́.

Tó o bá tún ní ìnáwó, má ra wáìnì sílẹ̀ lóṣù kan ṣáájú. Lọ́sẹ̀ ìnáwó gan-an ni kó o rà á, láti inú kátọ̀n tí wọ́n ṣí lójú ẹ, ra ọ̀kan lé sí iye tó o nílò, kó o sì ṣí ọ̀kan yẹn wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá kan, ilẹ̀ ò tíì ṣú jù láti gbé ìyókù padà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà Tákié á sì gbà á padà tí wọn ò bá tíì ṣí i, kó o ti bá wọn sọ ọ́ kó o tó sanwó.